Ọjọ́ Tí Morìnsọ́lá Wọ Rélùwéè Lọ Wádìí Ọkọ Àbúrò Rẹ̀

Ẹ má bi mí pé kí ló kàn mí. Morìnsọ́lá fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́, ó sì ní kí n má bo òun láṣìírí. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bú u bí ẹ ti ń kà á lọ, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Èmi náà bú u nígbà tí mò ń gbọ́ ọ.

Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n, ní Abẹ́òkúta, kò sí ìkẹta. Morìnsọ́lá ni àgbà, ẹni ọdún méjìdínlógójì nígbà náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ìwé. Tiwalọlá ni àbúrò, ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín wọn. Tiwalọlá ti rí ọkọ. Morìnsọ́lá ò tíì rí. Ẹ mọ bí ilé tó bá rí bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń gbóná.

Ọlábánjí ni orúkọ ọkùnrin tí Tiwalọlá rí. Pólì ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti pàdé, ṣùgbọ́n ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni, l'Ékòó. Ó ń ṣiṣẹ́ tálì ní Kirikiri Lighter Terminal. Bí wọ́n bá ń já ẹrù láti inú bájì, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó ń kó ẹrù lórí omi, òun ló ń dúró tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò, tó ń sàmì sí i. Iṣẹ́ gidi ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, bàbá wọn, Tíṣà Oyèníran, pe Morìnsọ́lá wọ yàrá.

"Mọ́rìn, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá tọrọ ọmọ. A ò mọ̀ wọ́n rí. Wàá bá mi wádìí wọn."

"Èmi, Bàbá?"

"Ìwọ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àbúrò rẹ ti ń pariwo pé òun fẹ́ wọ rélùwéè lọ wo Èkó. Bá a lọ. Kí òun máa wo ọkọ̀ òkun, kí ìwọ máa wo ìdílé. Má jẹ́ kó mọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí kì í yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń wádìí wọn. Aládùúgbò wọn ló máa bi, kò sì ní sọ ẹni tóun jẹ́. Bó bá padà dé, inú yàrá ni yóò ti jíṣẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Bí iṣẹ́ náà ò bá dára, wọn ò ní sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni, kí ìjà má baà bẹ́ láàárín ìdílé méjì. "A gbàdúrà sí i, kò gbà bẹ́ẹ̀" ni wọ́n máa sọ, ó parí. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ fẹ́ gan-an lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí ayé.

Ta ni yóò kọ́ Morìnsọ́lá ní èyí? Ó ti jẹ ìyà ẹ̀ rí. Ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ọkùnrin ará Ìjẹ̀bú kan fẹ́ ẹ, òun náà sì fẹ́ ẹ dénú. Bàbá rán èèyàn lọ wádìí. Ẹni náà dé, ó ní àbúrò bàbá ọkùnrin yẹn kan ṣe wèrè rí. Kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹnu ìyá rẹ̀ ni Morìnsọ́lá ti gbọ́ ìdí; ó sunkún, ó nu ojú, ó gbà. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni.

Ó ti ń jáde nígbà tí bàbá tún pè é.

"Gbọ́, Mọ́rìn. Bó bá jẹ́ nǹkan kékeré lo rí, kí o fojú fò ó. Ayé ti yí padà. Mi ò fẹ́ kí ọmọ yẹn náà jókòó tì wá sílé."

Ọmọ yẹn náà. Bàbá sọ ọ́ tán, ó gbé bíbélì rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun sọ nǹkan. Inú bí Morìnsọ́lá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n wọ rélùwéè ní Láderin. Tiwalọlá wọ jíǹsì tuntun, ó fi dígí dúdú sójú, ó ń fi fóònù ya gbogbo ohun tó ń kọjá lójú fèrèsé: oko ẹ̀gẹ́, ilé tí wọn ò tíì kan òrùlé sí, màlúù.

"Anti Mọ́rìn, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ ń ṣe bí ẹni tí wọ́n pè sí kóòtù."

"Jẹ́ kí n gbádùn ìjókòó mi."

"Ẹ wọ rélùwéè lónìí, ẹ ṣì ń bínú. Kí la fẹ́ ṣe fún yín gan-an?"

Lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Pápáláńtò, Tiwalọlá dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ gba ìpè. Kò pẹ́, Morìnsọ́lá náà dìde, ó fẹ́ lọ tọ̀. Ohùn àbúrò rẹ̀ ló dá a dúró.

"Mo mú Anti mi dání. Àánú wọn ló ṣe mí, Bánjí. Wọn kì í lọ síbì kankan. Ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé. Bó o bá rí àgbà ọkùnrin kan ní wharf yín tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, jọ̀ọ́ bá mi mú un wá." Ó rẹ́rìn-ín.

Ó lè jẹ́ pé inú rere ló fi sọ ọ́. Ẹni tó ti rí ọkọ a máa fẹ́ kí gbogbo ayé lọ́kọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹ jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlógójì, kí bàbá yín sì ti fi yín ṣe àpẹẹrẹ ọmọ tó jókòó sílé ní àná. Morìnsọ́lá padà sórí ìjókòó, kò lọ tọ̀ mọ́. Ó di ìtọ̀ yẹn mọ́ra dé Èbúté Mẹ́ta.

Ọlábánjí ti ń dúró dè wọ́n. Bó ṣe rí Morìnsọ́lá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì ibùdókọ̀, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, àwọn èrò ń yà lára rẹ̀ kọjá.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú ìrìn. Ẹ ṣeun tí ẹ mú Tiwa wá."

Morìnsọ́lá ń wá ibi tí yóò fi ọwọ́ kàn pé kò dára. Kò rí.

Wọ́n gbé takisí dé Àpápá. Tírélà tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn awakọ̀ ń wẹ̀ sí ìdí táyà, àwọn míì ta máàtì sábẹ́ kọ̀ǹténà wọ́n sùn lọ. Tiwalọlá yọ orí síta ó ń ya wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti lè rí omi, ó rí ọkọ̀ òkun kan tó ga ju ilé alájà mẹ́fà lọ, ó di ẹnu mú.

"Irin ni gbogbo eléyìí? Irin ló léfòó yìí?"

"Irin ni," Ọlábánjí dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká gbé ọkọ̀ ojú omi lọ sí Marina, kí ẹ lè rí i dáadáa láti àárín omi. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò ní bínú?"

"Ẹ̀yin ẹ máa lọ," Morìnsọ́lá wí. "Òyì máa ń kọ́ mi lójú omi. Mo ní ọ̀rẹ́ kan nítòsí ibí, mo fẹ́ yà kí i."

Wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀. Òun náà dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó ní kó gbé òun lọ sí Ajégúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Malu Road. Ó ti da àdírẹ́sì ilé náà kọ láti ara páálí kan tí Ọlábánjí fi ránṣẹ́ sí Tiwalọlá ní ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Ilé onífèrèsé kékeré ni, yàrá kọjú sí yàrá. Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin sísanra kan jókòó ti agbada èédú, ó ń yan ẹja. Mama Avwero ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Avwerosuoghene lorúkọ ọmọ rẹ̀ àkọ́bí ní kíkún, ṣùgbọ́n àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ò ní àkókò fún gbogbo ìyẹn.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ń wá yàrá tí mo lè gbà ni."

"Room? One dey for back. Jókòó, my sister. Oòrùn yìí le."

Ó jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ ẹja, wọ́n sọ̀rọ̀ èédú tó ti wọ́n. Morìnsọ́lá wá bi í bí ẹni tí kò bìkítà pé àwọn wo ló ń gbé inú ilé náà, ṣé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, òun gbọ́ pé ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ọlábánjí.

"Bánjí? That one na correct person. Ní ọdún tó kọjá tí ara mi ò yá, òun ló gbé mi lẹ́yìn lọ sí hospital. Ìyá ẹ̀, Ràdíátù, ogún ọdún ni mo ti mọ̀ ọ́n. I never see am fight anybody."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

Mama Avwero fi abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "Water carry am. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, irin bájì ń yọ̀. Wọ́n ń já ẹrù, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀, ó kó sómi. Ọkọ mi ló bẹ́ sí i, òun ló fà á jáde. E don die."

"Kò sí àìsàn lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Àìsàn wo? Ọkùnrin tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan."

Nígbà tí Morìnsọ́lá dìde, Mama Avwero mú ẹja gbígbẹ ńlá mẹ́ta, ó fi ìwé ìròyìn dì í.

"Give your mama. Sọ fún un pé ọ̀dọ̀ àwọn Bánjí ló ti wá."

"Mama mi kẹ̀? Yàrá ni mo wá—"

"My sister, ẹni tó ń wá yàrá máa ń béèrè tọ́ílẹ̀ẹ̀tì. Kì í béèrè bàbá èèyàn." Ó rẹ́rìn-ín títí àyà rẹ̀ fi ń mì. "No fear. Mo mọ bẹ́ẹ ṣe ń ṣe é. Mi ò ní sọ pé mo rí ẹ."

Iṣẹ́ dára. Ìdílé dára. Ọmọkùnrin dára. Kí ló tún kù tí ẹ̀gbọ́n ń wá? Ó yẹ kó máa dúpẹ́ nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e padà. Kò dúpẹ́ o. Ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé kò sí nǹkan kan lára ọkọ Tiwalọlá, nǹkan kékeré pàápàá kò sí, àfi ìdílé ọkọ tòun ni wọ́n ti rí wèrè.

Síbẹ̀ ó sọ fún mi pé òun ò tíì pinnu nígbà yẹn, mo sì gbà á gbọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi padà dé ló pinnu. Tiwalọlá bọ́ sílẹ̀, omi ti ta sí i lára, ó di ọwọ́ Ọlábánjí mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Anti Mọ́rìn, ẹ ò mọ nǹkan tí ẹ pàdánù."

Morìnsọ́lá wo ọwọ́ méjèèjì tó wọnú ara wọn. Ó ní, "Kò burú."

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá àti ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Òórùn ẹja ń wọlé láti kíṣìnnì, nítorí Morìnsọ́lá ti gbé e fún ìyá rẹ̀, ó ní òun rà á ní Àpápá.

"Kí lo rí?" bàbá bi í.

Ẹ wò ó, ó ṣì lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni.

"Bàbá, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Wárápá wà nínú ìran wọn. Bàbá ọmọ yẹn ní in. Ó gbé e ṣánlẹ̀ lórí bájì níbi iṣẹ́, ó fi kó sómi kú."

Ìyá wọn fi ọwọ́ méjèèjì lé orí.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ará ilé wọn. Ọkọ rẹ̀ ló fà á jáde nínú omi."

Irọ́ tó burú jù nìyẹn, irọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú òótọ́. Bàbá Ọlábánjí kú ní tòótọ́. Ó kó sómi ní tòótọ́. Ọkùnrin kan fà á jáde ní tòótọ́. Wárápá nìkan ni Morìnsọ́lá mú ti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ wá.

Tíṣà Oyèníran yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú.

"Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré," ó wí.

Ní ọ̀sán yẹn gbogbo wọn jẹun pọ̀. Tiwalọlá ló jẹ ẹja tó tóbi jù. Ó lá ọwọ́, ó ní ẹja Èkó mà dùn o. Morìnsọ́lá ní òun ò rí ẹnu jẹun.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ajégúnlẹ̀ pé àwọn gbàdúrà sí i, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọlábánjí pe bàbá lẹ́ẹ̀mẹfà, bàbá ò gbé e. Tiwalọlá kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi bó, wọn ò sọ ohun kan fún un. Ó rù. Ó dákẹ́. Morìnsọ́lá ló ń gbé oúnjẹ lọ bá a nínú yàrá, tó ń sọ fún un pé Ọlọ́run ló mọ ìdí. Ibi yìí ni mo ti bú u tí mo dìde lórí àga. Kò bínú sí mi. Ó dúró kí n tún jókòó.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀rọ̀ já lẹ́nu ìyá wọn. Tiwalọlá ń sọ pé òun yóò bá Bánjí lọ bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀, ni ìyá bá figbe ta.

"Ṣé o fẹ́ bí ọmọ tí yóò máa ṣubú lulẹ̀, tí ìfófòó yóò máa yọ lẹ́nu rẹ̀ ni?"

Tiwalọlá dìde. "Ta ló ń ṣubú?"

Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó o padà. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Tiwalọlá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Anti Mọ́rìn, ẹ̀yin lẹ lọ wádìí? Ọjọ́ tí a lọ wo Èkó?"

"Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́."

"Ẹ mú mi lọ bá ẹni tó sọ ọ́."

"A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ àṣírí fún èèyàn—"

"Bàbá, ẹ ní kí wọ́n mú mi lọ. Bó bá jẹ́ òótọ́, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́."

Bàbá rò ó. "Mú un lọ, Mọ́rìn. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀."

Wọ́n tún wọ rélùwéè kan náà. Kò sí dígí dúdú, kò sí fóònù, kò sí ẹni tó wo màlúù. Morìnsọ́lá ń ro bó ṣe máa ṣe é. Ó máa mú un gba àdúgbò míì. Ó máa ní obìnrin náà ti kó kúrò. Àní ó ń gbàdúrà pé kí Mama Avwero wà lọ́jà. Ẹ gbọ́ irú àdúrà tí èèyàn ń gbà.

Wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní Malu Road, Morìnsọ́lá yà sí ọwọ́ òsì.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni," Tiwalọlá wí. "Mo mọ ilé náà. Bánjí máa ń fi hàn mí lórí fóònù."

Mama Avwero wà níbi agbada. Ó rí wọn, ó dìde, ó na apá méjèèjì.

"Ìyàwó wa! Mo mọ̀ pé wọ́n máa yí ọkàn padà." Ó wá rí Morìnsọ́lá, ó bú sẹ́rìn-ín. "And you, madam wey dey find room. Mama yín jẹ ẹja yẹn?"

"Ẹja wo, mà?" Tiwalọlá bi í.

"Ẹja mẹ́ta tí mo fún wọn. Mo ní kí wọ́n sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Bánjí ló ti wá."

Tiwalọlá ò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mama Avwero ló ń wò.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ sọ fún wọn nípa bàbá Bánjí?"

"Kí ni mo tún máa sọ? Mo ní ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀ lórí bájì. Mo ní ọkọ mi ló fà á jáde."

"Ẹ ò sọ pé wárápá ni?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Mama Avwero. Ilẹ̀kùn kan ṣí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, ó ń fa ìbòrí rẹ̀ síwájú. Ràdíátù ni, ìyá Ọlábánjí. Ó ti gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá.

"Wárápá ta ni?"

Àwọn ará ilé ti ń yọ orí síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tiwalọlá ló kúnlẹ̀, ló sọ ọ́, nítorí pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó ní ohun tí wọ́n sọ fún bàbá òun nìyẹn, ohun tí wọ́n fi ní kí òun má fẹ́ Bánjí nìyẹn.

Ràdíátù wo Morìnsọ́lá. "Ìwọ lo sọ ọ́?"

"Ìyá, ẹ má bínú. Bóyá n kò gbọ́ ọ dáadáa ni. Èdè oríṣiríṣi ló kún ẹnu wọn—"

"Yorùbá ni mo fi sọ ọ́ fún ẹ," Mama Avwero wí. "You sit down for this chair. No lie again for my front."

Morìnsọ́lá kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, níbi tí omi ẹja ti rọ sílẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti sin ọkọ mi," Ràdíátù wí. Kò pariwo. "Ojú ti rí oríṣiríṣi nínú ilé yìí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì bú òkú ẹ̀ fún mi. Àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ ṣì wà ní Kirikiri. Sọ ọ́ kí gbogbo ilé gbọ́. Ṣé ó ní wárápá?"

"Kò ní, mà."

"Wọn ò gbọ́ ọ lẹ́yìn."

"Kò ní wárápá," Morìnsọ́lá wí, tó fi dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ràdíátù wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Tiwalọlá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn. Kò sunkún. Morìnsọ́lá ní ìbá sàn kó sunkún.

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ní kí wọ́n bá ọ wá àgbà ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú fún mi. Mo gbọ́ ọ nínú rélùwéè."

"Nítorí ìyẹn?"

"Bàbá ní kí n fojú fo nǹkan kékeré, torí tìẹ. Ta ló fojú fò ó fún mi? Ọdún mẹ́wàá, Tiwa. Ta ló fojú fo tèmi?"

Tiwalọlá dìde. "Bàbá lẹ ń bá jà. Kí ló dé tó jẹ́ èmi lẹ gbá?"

Morìnsọ́lá nìkan ló wọ rélùwéè padà. Kó tó dé Láderin, Tiwalọlá ti pe ilé.

Bàbá ń dúró dè é ní pálọ̀. "Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni mo rán ọ, Mọ́rìn."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá. Arákùnrin Ìjẹ̀bú yẹn, ṣé ẹ tún iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún yín wò? Ṣé ẹ lọ bi ẹlòmíì? Bóyá ẹni tí ẹ rán náà ní inú tirẹ̀ sí mi. Ẹ ò mọ̀. Ẹ ò tilẹ̀ béèrè."

Títí di òní bàbá kò tíì dá a lóhùn.

Tiwalọlá àti Ọlábánjí ṣe ìgbéyàwó. Bàbá àti ìyá ní láti lọ bẹ Ràdíátù ní Ajégúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà. Ẹ̀yìn pátápátá ni Morìnsọ́lá jókòó sí lọ́jọ́ náà, kò sì sí nínú fọ́tò kankan. Àbúrò rẹ̀ ń kí i bí wọ́n bá pàdé. Ó ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ń kúnlẹ̀, kì í sì í sọ ju "ẹ kú ilé, mà" lọ.

Ọdún méjì kọjá. Ọlọ́run ṣe é, ọkùnrin kan yọjú. Adékànmí lorúkọ rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ṣágámù. Àgbàlagbà ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́, Morìnsọ́lá náà rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ó ní ọkùnrin náà máa ń ra ọsàn fún òun, ó máa ń bó o kó tó gbé e fún òun. Ó ní òun ò mọ̀ pé òun ṣì lè máa gbọ́ ìró ọkọ̀ níta kí àyà òun máa lù. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ oṣù tí wọn yóò ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, fóònù rẹ̀ dún. Tiwalọlá ni. Kò pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Obìnrin kan wá bá mi níwájú ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ lónìí, kò mọ̀ pé àbúrò yín ni mí. Ó ní òun wọ rélùwéè wá wo Èkó, òun ń wá yàrá."

"Ẹ̀gbọ́n Adékànmí ni."

"Mo mọ̀. Kò béèrè tọ́ílẹ̀ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ yín ló béèrè."

"Kí lo sọ fún un?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀."

Morìnsọ́lá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ kan náà, nínú yàrá tí wọ́n ti ń jíṣẹ́. Ó ní òun bẹ àbúrò òun bí òun ò tíì bẹ Ọlọ́run rí.

"Tiwa, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ti jẹ ìyà ẹ̀. Ọdún méjì ti kọjá. Ṣé o ò lè fojú fo nǹkan kékeré fún mi ni?"

Ó gbọ́ tí ọmọ kan ń sunkún lẹ́yìn àbúrò rẹ̀, ọmọ tí kò tíì gbé rí.

"Kì í ṣe nǹkan kékeré," Tiwalọlá wí. "Ẹ bi Bàbá."

Adékànmí ò pè mọ́.